Orúkọ Tí Fọlábí Pè Nínú Fíìmù

                                        Ojúlé 18, Òpópónà Ṣówùnmí,
                                        Ọ̀gbà, Ìkẹjà,
                                        Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2025.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Bọ́látitó, Ìyá Fọláhàn,

O kú ilé o, o sì kú ọjọ́ mẹ́ta. Báwo ni gbogbo ilé? Bàbá Fọláhàn ńkọ́? Mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé wọn lọ sí ilé ìwé mìíràn, Ọlọ́run á jẹ́ kí ibẹ̀ san wọ́n. Ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń sáré kiri inú ilé báyìí, àbí ẹ̀yìn rẹ ló ṣì fi ṣe ilé? Ẹ̀yìn náà gan-an ńkọ́, èyí tó ń dùn ọ́ láti ìgbà tí o ti bímọ, ṣé ó ti ń fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀ díẹ̀? Òṣogbo ńkọ́? Bí o bá bi mí, èmi náà wà. Mò ń jẹ, mò ń sùn díẹ̀díẹ̀. Bàbá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní wọ́n ṣì ń retí orógbó tí o ṣèlérí fún wọn.

Mo mọ̀ pé yóò yà ọ́ lẹ́nu pé ìwé ni mo kọ. Mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí Wọ́sáàpù lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé mi ò mọ̀ ọ́ ni? Bí mo bá fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kí n tó dé ìdajì ni wàá ti pè mí, wàá ti máa sunkún, èmi náà á wá máa bẹ̀ ọ́ pé kí o dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, wàá kà á tán kí o tó rí mi dá lóhùn. Nùréènì, dírẹ́bà tó máa ń kó ike wá sí ọ̀dọ̀ yín, ló máa gbé e dé ilé rẹ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò gùn. Mi ò fẹ́ Fọlábí mọ́. A ti fagi lé mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ tí a dá sí ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Bí o bá ti rán aṣọ sí i, fi lọ sí ìkómọ ẹlòmíràn. Ó yá, jókòó, kí n tò ó fún ọ bó ṣe rí.

Láti ìgbà tí o ti relé ọkọ tí o fi iṣẹ́ ohùn sílẹ̀ fún wa, nǹkan ti yí padà lọ́dọ̀ Ọ̀gá Job. Kì í ṣe ìpolówó ọṣẹ àti egbòogi lórí rédíò nìkan ni a ń ṣe mọ́. Ọ̀gá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan tó fẹ́ kí á máa fi ohùn Yorùbá sí ẹnu àwọn òyìnbó inú fíìmù àtijọ́. Yàrá wa ṣì wà níbi tí o mọ̀ ọ́n sí, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ike. Fóòmù ìbùsùn tí ìwọ àti èmi kàn mọ́ ògiri ti ń já bọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ àwọn oníke ṣì ń kù láti àárọ̀, nítorí náà ìgbà tí wọ́n bá paná rẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán nìkan la lè gba ohùn sílẹ̀. Wákàtí kan péré. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ padà, ó parí nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ló wà lẹ́nu èèyàn.

Fíìmù tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún wa kò ní àwọ̀ kankan, dúdú àti funfun lásán ni. Ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ á ti kú tán. Òjò ń rọ̀ ṣáá, òjìji ń tẹ̀ lé èèyàn kiri ògiri, gbogbo ọkùnrin ló dé fìlà, tí wọ́n sì ń fa sìgá. Ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe ní ìyàwó nílé, ó sì tún ń yan obìnrin kan tó ń kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì lálè. Owú ń jẹ ọkùnrin yìí nítorí àlè rẹ̀, ó rò pé ó ń bá ẹni tó ni hòtẹ́ẹ̀lì rìn. Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó mọ gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń da tíì sínú kọ́ọ̀bù. Nígbẹ̀yìn, ọkùnrin náà yìnbọn pa onílé hòtẹ́ẹ̀lì tí kò ṣẹ̀ ẹ́ rárá, àwọn ọlọ́pàá wá a wá sílé, ìyàwó yẹn ló sì ṣí ilẹ̀kùn fún wọn.

Èmi ni mo yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá. Èmi náà ni mo gba ohùn ìyàwó, Fọlábí gba ti ọkùnrin, Láídé gba ti akọrin. Bẹ́ẹ̀ ni, Láídé tiyín, mọ̀lẹ́bí Bàbá Fọláhàn tí ìwọ fúnra rẹ mú wá bá wa pé kí á bá ọ fi iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo sì fi iṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ Láídé bí wọ́n ṣe ń mí sí ẹ̀gbẹ́ maikí kí ó má baà gbọ́. Ọ̀gá Job ní ohùn rẹ̀ dùn, ó bá ti obìnrin tí ọkùnrin lè torí rẹ̀ pààyàn mu. Èmi ni wọ́n ní ohùn mi bá ti ìyàwó ilé mu, mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

Iṣẹ́ yìí le ju bó ṣe ń dùn ún gbọ́ lọ. Ẹnu òyìnbó á ti pa dé, ọ̀rọ̀ Yorùbá á ṣì ku méjì lẹ́nu ẹni. Ibì kan wà tí akọrin fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú irin sá lọ. Ọkùnrin náà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó pe orúkọ rẹ̀, ó ní kó má lọ. Mo kọ “Olólùfẹ́ mi, má lọ” síbẹ̀. Fọlábí kà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Oyin, ta ló ń pe obìnrin ní olólùfẹ́ mi láyé yìí? Inú orin nìyẹn wà. Fún obìnrin yìí ní oríkì. Ọkùnrin tó bá fẹ́ràn obìnrin dénú, oríkì ẹ̀ ló máa pè.”

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Mo kọ Àsàkẹ́ síbẹ̀, oríkì ìyá tó bí ìyá mi. Nígbà tó kan ká gba ohùn, Fọlábí wo ojú fíìmù, ó fi ọwọ́ kan di àga mú, ó ní, “Àníkẹ́, má lọ. Àníkẹ́, jọ̀ọ́.” Ohùn rẹ̀ gbọ̀n. Mo sọ fún ọ, omi lé sí mi lójú. Ó bá ẹnu òyìnbó yẹn mu rẹ́gí. Ọ̀gá Job fò dìde lórí àga, wọ́n ní, “A ti mú un! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún un gbà mọ́!” Láídé kàn ń wo ilẹ̀ ní tirẹ̀, mo sì rò pé ojú ló ń tì í nítorí òun ni wọ́n ń bẹ̀ nínú fíìmù.

Mo bi Fọlábí pé níbo ni Àníkẹ́ ti wá nígbà tó jẹ́ Àsàkẹ́ ni mo kọ. Ó ní ó kàn bọ́ sí òun lẹ́nu ni. Èmi òmùgọ̀, mo yìn ín. Mo mú bíírò, mo fagi lé Àsàkẹ́ ní gbogbo ibi tó wà nínú ìwé, ibi mọ́kànlá, mo fi ọwọ́ ara mi kọ Àníkẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Ìwọ náà mọ bí Èkó ṣe rí. A lè jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún márùn-ún, ká mọ orúkọ ọmọ ara wa, ká mọ ọjọ́ tí ìyá ara wa kú, ká má mọ oríkì ara wa. Inú ilé ni oríkì ń gbé. Ọdún mẹ́ta ni Fọlábí fi fẹ́ mi, “Oyin” àti “Bébì” ló ń pè mí. Kò bi mí léèrè oríkì mi rí. Inú kò sì bí mi sí i, mo gbà pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́kàn àwọn ọkùnrin ayé òde òní.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí ìyá Láídé ní Ìfàkò. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, wọ́n sì ṣì fi báńdéèjì di ojú ọ̀tún. Mo ra búrẹ́dì Agége ńlá méjì pẹ̀lú ọsàn. Mi ò dé ilé náà rí, Láídé kì í pe ará ibi iṣẹ́ wá sílé. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe rí mi, ó dúró gbagidi bí ẹni tó rí ọlọ́pàá, kó tó wá sọ pé, “Mọ̀mí, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ló wá kí yín,” ó sì yára gba ilé ìdáná lọ pé òun fẹ́ bu omi. Mo kúnlẹ̀ kí ìyá. Wọ́n fi ọwọ́ tẹ búrẹ́dì wò, wọ́n ní ó rọ̀ dáadáa. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n ní Ọlọ́run á fi ọkọ rere jíǹkí mi, mo ṣe àmín. Wọ́n wá gbé ohùn sókè.

“Àníkẹ́! Àníkẹ́ o! Mú ọ̀bẹ wá mọ́ omi yẹn, ká fi bó ọsàn.”

Mo rọra bi wọ́n bóyá gbogbo èèyàn ló ń pè é bẹ́ẹ̀.

“Ta ni?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Òun gan-an kì í fẹ́ ká pè é níta, ó ní ó ń sọ òun di àgbàlagbà. Bàbá ẹ̀ ló máa ń pè é bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Ó wá ku èmi, àti ọkọ ẹ̀.”

Mo ní, “Ọkọ ẹ̀ wo, mà?”

“Wọn ò tíì ṣe é o, àfẹ́sọ́nà ni. Fọlábí ni. Ìwọ náà á mọ̀ ọ́n, ṣebí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ọmọ dáadáa. Òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ojú yìí, kò kúrò níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe tán.”

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ojú yẹn, Fọlábí sọ fún mi pé Ṣàgámù lòun wà, pé òun lọ wo ilẹ̀ tí a máa kọ́lé sí.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Láídé ti dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, omi lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì. Ó ti gbọ́. Ìyá rẹ̀ kò rí ojú àwa méjèèjì. Bọ́látitó, ká ní inú fíìmù ni, ẹnì kan á ti gbá ẹnì kan létí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dìde, mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo padà jókòó ti ìyá rẹ̀, mo bó ọsàn mẹ́ta, mo gé e fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ohun mìíràn kan nígbà tí mo ń bó ọsàn yẹn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí yìí, ó dìgbà tí mo bá sọ ti Fọlábí tán.

Láídé sìn mí dé géètì. Ó ní, “Àǹtí Oyin, ẹ má bínú, mo ti fẹ́ sọ fún yín tipẹ́.” Mo bi í pé ọjọ́ wo ló fi í sí. Ó ní òun ń wá ọjọ́ tó dáa ni. Mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ sílé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dúró de Fọlábí lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rọ oníke ń kù, àfi ká pariwo ká tó lè gbọ́ra, nítorí náà kò sí ẹni tó ń di ike sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀ tí kò gbọ́ ẹjọ́ wa.

Mo ní, “Fọlábí, kí ni oríkì mi?”

Ó ní, “Kí lèyí báyìí, Oyin?”

Mo tún bi í. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Mo ní, “Ti Láídé ńkọ́?”

O mọ ohun tó sọ? Ó ní fíìmù ti wọ̀ mí lórí. Ó ní, “Bébì, owú ló ń jẹ ẹ́. O ti jókòó ti nǹkan yìí pẹ́ jù, o ti sọ ara ẹ di ìyàwó inú ẹ̀.” Ó sọ ọ́ tàánútàánú, ó tiẹ̀ fi ọwọ́ kan èjìká mi. Fún bí ìṣẹ́jú kan, mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ìgbà tí mo dárúkọ ọsibítù ni ohùn yí padà. Ó ní àánú ìyá yẹn ló ṣe òun. Nígbà tó yá, ó ní èmi ni òun máa gbé níyàwó, Láídé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ni mo wá ń pariwo sí? Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù nísàlẹ̀ wá pariwo sókè pé, “Brọ̀dá, ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ jàre, ẹjọ́ yín ò dáa rárá!” Fọlábí gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀.

Ó ku ìran ìkẹyìn tí mo máa gba ohùn sí, níbi tí ìyàwó ti ṣílẹ̀kùn fún ọlọ́pàá. Ọ̀gá Job ní bí ara mi ò bá gbé e, àwọn á wá ẹlòmíràn. Mo ní ara mi gbé e. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kò pọ̀: “Ẹ wọlé. Ó wà ní yàrá.” Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo sọ ọ́. Ọ̀gá wá bi mí bóyá kí á pe Fọlábí padà kó tún ibi Àníkẹ́ gbà, kó pe orúkọ mìíràn. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n máa gbé e jáde nínú oṣù Kejìlá, jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbọ́ ọ. Bóyá ẹ̀san ni mò ń gbà, mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé ó fi òtítọ́ inú rẹ̀ pe orúkọ yẹn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tí mo lè jókòó kọ tó máa dára jù ú lọ. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Mo ti sọ fún bàbá mi. Kí n tó sọ ọ́, wọ́n ti ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n ti sọ fún gbogbo àwọn tó ń bá wọn ta ayò pé ọmọ wọn fẹ́ relé ọkọ. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, mo mọ ohun tí àwọn èèyàn máa wí. Bàbá mi gbọ́ mi dópin, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní, “Ṣé o ti jẹun?” Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sunkún.

Ó wá ku ohun tí ìyá Láídé sọ. Nígbà tí mo ń bó ọsàn, mo bi wọ́n pé báwo ni Fọlábí ṣe di ẹni tó mọ ilé wọn. Wọ́n ní ìyàwó ẹbí wọn tó wà ní Òṣogbo ló mú un wá lọ́jọ́ Iléyá. Wọ́n ní ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Mọ̀mí, ọkọ Láídé rèé, ẹ gbàdúrà fún wọn.” Wọ́n ní orí ẹsẹ̀ àwọn ni Fọláhàn sùn sí títí ẹ fi jẹun tán.

Ọ̀dọ̀ mi lo sùn lálẹ́ ọjọ́ Iléyá yẹn. Orí ibùsùn mi ni mo tẹ́ ọmọ rẹ sí, èmi sùn sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́. O gbé ẹran àgbò wá, o ní ọ̀dọ̀ ẹbí ọkọ rẹ lo ti gbà á. Mo dín in, mo yí i nínú ata, a jọ jẹ ẹ́. Ìwọ lo bá mi yan àwọ̀ aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Nígbà tí mo wá sọ fún ọ lórí fóònù nínú oṣù Kẹsàn-án pé mi ò mọ ohun tó ń ṣe Fọlábí, pé kì í dúró tì mí mọ́, o ní, “Oyin, má jẹ́ kí owú tú ilé ẹ kó o tó kọ́ ọ.” Ọ̀rọ̀ kan náà tí Fọlábí wá sọ fún mi lórí àtẹ̀gùn ni. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré, mi ò fi ọ́ kún un rí.

Mo mọ̀ pé ẹbí ọkọ ẹni kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fojú di. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń yọ Láídé lẹ́nu pé kó mú ọkọ wá. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ kan bá ọ wá àwáwí, Bọ́látitó, mo wá a ju bí mo ṣe wá ti Fọlábí lọ. Mo sọ fún ara mi pé ojú ìyá kò ríran dáadáa nígbà yẹn, pé bóyá ẹlòmíràn ló mú un wá. Ọkọ ni Fọlábí, èèyàn lè rí òmíràn. Ọdún mọ́kànlélógún ni èmi àti ìwọ, láti ìgbà tí a ti jọ ń pín bẹ́ǹṣì kan jókòó ní kíláàsì kìíní girama. Níbo ni mo ti fẹ́ rí òmíràn?

Bá mi kí Bàbá Fọláhàn, má sọ ohunkóhun fún wọn. Gbé Fọláhàn jó fún mi, ọmọ kò mọ̀dí. Má pè mí, mi ò ní gbé e. Kọ ọ́ sínú ìwé kí o fi rán Nùréènì, yóò padà sí Èkó lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀: ṣé ìwọ ni àbí ìwọ kọ́? Bí o bá sì máa parọ́, jọ̀ọ́, pa á dáadáa, kí n lè rí i gbà gbọ́.

Èmi ni tìrẹ síbẹ̀, nítorí mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíwọ́,

Oyinadé.